Ẹ Fi Àyè Sílẹ̀ fún Àwọn Ojibwe

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo rọ̀ yín kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fún àwọn Ojibwe, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tó ń gbé ní agbègbè àwọn adágún ńlá tó wà láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà, nítorí pé bí ẹni tó ti parẹ́ ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ wọn.

Francis Pegahmagabow ni n bá kọ́kọ́ dárúkọ. Ó jagun fún Kánádà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ìbọn rẹ̀ kì í tàsé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì fi àmì-ẹ̀yẹ Military Medal dá a lọ́lá. Síbẹ̀, nígbà tó padà sílé, abẹ́ òfin tó fún aṣojú ìjọba láṣẹ lórí owó àti ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ló padà sí. Ó di olóyè wọn, ó sì ń bá ìjọba fa ẹ̀tọ́ wọn láìbẹ̀rù. Ní tèmi, ìjà kejì yìí le ju ti ojú ogun lọ.

Louise Erdrich, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún ìwé kíkọ ní Amẹ́ríkà, ní 2021. Norval Morrisseau dá ọnà àwòrán tuntun sílẹ̀ ní Kánádà. Charles Bender gbayì nínú bésíbọ́ọ̀lù, eré tí àwa kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí, nígbà tí Peggy Flanagan di igbákejì gómìnà ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ní 2019.

Bí ẹ bá lè máa gbé ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, inú àwa òǹkàwé yín yóò dùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.