Àpótí spíkà mẹ́jọ, ẹ gé e pọ̀

Sí Olóòtú,

Káfíńtà ni mí n'Ìbàdàn, àpótí spíkà ni mo sì ń kàn jù. Lọ́dún tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì kan kó mẹ́jọ tí ẹlòmíì kàn fún wọn wá bá mi. Wọ́n ní spíkà wọn ló bàjẹ́. Mo tò wọ́n sílẹ̀, kò sí méjì tó ga dọ́gba. Ibi tí pákó ti pàdé là sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ súfèé bí báàsì bá ti ń dún. Kò sí nǹkan kan tó ṣe spíkà.

Wọ́n kan ọ̀kan tán kí wọ́n tó wọn òmíràn ni. Ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀. Àpótí mẹ́jọ ní ẹ̀gbẹ́ 16. Ẹ de igi tí pákó ń fara tì lórí tábìlì ayùn mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ gé gbogbo 16 náà tán kí ẹ tó sún un. Tí ẹ bá ti sún un, agbára káká ni yóò fi padà síbi tó wà gan-an. Téèpù kan náà ni kí ẹ lò dópin.

Ẹ má fi pẹ́ńsùlù fa gbogbo ìlà sórí plywood kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Eyín ayùn ń jẹ nǹkan bíi mìlímítà 3 nínú igi. Bí ẹ bá sàmì sí ínṣì 18, 36, 54, ti àkọ́kọ́ nìkan ni yóò pé; ìyókù yóò dín. Èyí ló ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́, tí ọ̀gá á wá máa na ọmọṣẹ́ lórí ohun tí kò kọ́ ọ.

Ẹ wọn sísanra pákó fúnra yín pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n tà fún mi ní mìlímítà 18, 17 ni mo bá. Òkè àti ìsàlẹ̀ tó wà láàrin ẹ̀gbẹ́ méjì, sísanra yìí la fi ń ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá lo 18, àpótí yóò fi mìlímítà 2 dín, pákó iwájú á sì yọ síta.

Mo kan mẹ́jọ tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì náà. Níwájú wọn, mo yọ pákó iwájú ọ̀kan, mo fi dí òmíràn. Ó wọlé wẹ́kú.

Káfíńtà kan, Ìbàdàn