Ẹ Má Da Ásíìdì Sára Ẹ́ńjìnnì Bàbá

Manchester, Ìlú Ọba

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Òkun o. Ẹ bá mi kí Ìyá àti gbogbo ilé. Òtútù ti wọlé dé níbí, ṣùgbọ́n ara mi le.

Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ lórí fóònù pé ẹ fẹ́ da omi ásíìdì bátìrì sára ẹ́ńjìnnì ìlọ-ẹ̀gẹ́ Bàbá kí ìpẹtà lè bọ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Á jẹ ìpẹtà, á sì jẹ irin mọ́ ọn. Sípíríngì tó bá kàn lè kán lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ká tó wá sọ ti ojú yín.

Ọdún 1991 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ni Bàbá ra ẹ́ńjìnnì yẹn. Òun ló rán wa níléèwé. Kò sígbà tí mo rántí Ìsánlú tí n kì í gbọ́ ìró rẹ̀ létí.

Ẹ ní wíìlì ńlá náà kò yí mọ́. Ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ po dísù mọ́ ọ́ìlì, ẹ rọ ọ́ sórí písítìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, kó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa mì í díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Tí ẹ bá tú u tán, ẹ fi kẹrosíìnì fọ gírísì kúrò, torí omi kíkan kì í ráyè dé ibi tí ọ̀rá bá wà. Ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ike, kó bo irin náà mọ́lẹ̀. Tí ọsàn bá wọ́n, fínígà ṣe é lò. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpẹtà pupa yẹn á di dúdú, á rọ̀ bí ẹrẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírin á sì kó o lọ. Mo fi nọ́ọ̀tì kan tó ti dì gbagidi dán an wò níbí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìka méjì ni mo fi tú u.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Tí ẹ bá kàn fi omi ṣàn án tí ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ tó jẹun tán, ó ti tún pọ́n. Ẹ po kaun mọ́ omi, kaun tí Ìyá ń fi se ewédú yẹn náà, ẹ fi ṣàn án kí kíkan inú rẹ̀ lè kú. Ẹ nù ún, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á nígbà tó ṣì gbóná.

Ṣùgbọ́n kí kaun má kan písítìn tí ẹ kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tú mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà rédíò tó bàjẹ́ yẹn, ẹ gbé e kàn án. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, á jẹ́ pé alumíníọ̀mù ni, kaun á sì jẹ ẹ́. Kẹrosíìnì nìkan ni kí ẹ fi fọ irú ìyẹn.

Ọkùnrin tó fẹ́ rà á bí irin àlòkù, ẹ sọ fún un pé a ò tà. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin méjì àti ìbọ̀wọ́ rán ọmọ Kàbbà kan tó ń bọ̀ ní Kérésì. Tí ẹ bá ti yọ ríìngì písítìn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fi ohunkóhun kàn án. Ríìngì yẹn máa ń tètè kán.

Èmi ni,
Àbúrò yín