Wọ́n ti wọn oko kòkó wa tán, àpò kòkó wa kò ní àmì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tún wọ oko kòkó mi nítòsí Ìdànrè pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rìn ín yí ká kí àwọn lè fi sẹ́tíláìtì mọ ààlà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún méjì. Olùrà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń rán wọn wá, gbogbo wọn ló gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi lọ, kò sì sí ẹni tó fún mi ní ìwé kan ṣoṣo tí mo lè fi hàn pé wọ́n ti wọn oko náà.

N kò lòdì sí wíwọ̀n. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 sọ pé kòkó tí àwọn yóò rà kò gbọdọ̀ wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, òfin tó dára ni, nítorí àwa tí à ń jẹ nídìí kòkó tí bàbá wa gbìn mọ ohun tí òjò ti dà láti ìgbà tí igbó ti ń tán. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé àmì ibì kan ṣoṣo lórí máàpù ti tó fún oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, kò pọn dandan kí wọ́n rìn ín yí ká. Oko tèmi kò tó mẹ́ta.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wíwọ̀n. Bí mo bá gbé kòkó dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, wọn a dà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn lórí sìmẹ́ǹtì, títí kan èyí tó ti inú igbó ọba tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má dáko sí wá, wọn a sì kó o sínú àpò tí kò ní àmì kankan. Bí ó bá dé ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ní Jámánì, ta ni yóò mọ̀ pé tèmi wà níbẹ̀? Síbẹ̀, alágbàtà yìí kan náà dín owó mi kù, ó ní oko mi kò sí lórí máàpù!

Láti ìgbà tí ìjọba ti tú bọ́ọ̀dù kòkó, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó nígbà náà, ká ní ọdún 1986, olúkúlùkù olùrà ló ń kọ ìwé tirẹ̀. Yúróòpù ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, àwọn aláṣẹ wa sì fi àyè náà sùn, nígbà tí Ghana ń kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ kòkó tirẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo lábẹ́ Cocobod, àjọ ìjọba tó ń bójú tó kòkó níbẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ìjọba ní ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo oko, kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gba káàdì tí fóònù lè kà. Nídìí òṣùwọ̀n, kí alágbàtà ka káàdì mi, kí ó kọ iye kìlóò sílẹ̀, kí ó rán àmì tó ní nọ́ńbà oko mi mọ́ àpò, kí iye náà sì dé orí fóònù èmi náà. Bí kòkó tí wọ́n kọ sí orúkọ mi bá ju ohun tí hẹ́kítà mẹ́ta lè so lọ, kọ̀ǹpútà yóò fi í hàn lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò lè fi oko mi bo kòkó igbó ọba mọ́lẹ̀. Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọọ̀kì, kí fóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ náà títí yóò fi dé ìlú.

Kí wọ́n sì gbé òpó nẹ́tíwọọ̀kì sí àwọn abúlé wa.

Bí àwọn kan bá tún wá wọn oko mi lẹ́ẹ̀kẹrin láìmú ìwé tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún mi lọ́wọ́, n kò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Àgbẹ̀ kòkó kan,
Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.