Yumenguan kì í ṣe ògiri alámọ̀ lásán

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Ọ̀nà Sílíìkì ní Ṣáínà, ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ ti ní Yumenguan ò ju ògiri alámọ̀ kan tó dá dúró sínú aṣálẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni mo ti mirí.

Òótọ́ ni pé kò tóbi, gíga ẹ̀ ò ju bíi mítà 10 lọ, kò sì sí ìlú kankan nítòsí ẹ̀, ìlú Dunhuang tó sún mọ́ ọn jù tó bíi kìlómítà 80 sí i. Àmọ́ ẹnubodè ìjọba Han tó ṣàkóso Ṣáínà láyé àtijọ́ ni, àtayé ọba Wu, wọ́n á wo ìwé ẹ kó o tó kọjá. Ẹ ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ògiri ààlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tó yà mí lẹ́nu jù, àwọn tó mọ ọ́n ò rí òkúta ńlá lò, ni wọ́n bá tẹ́ esùsú, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn lé e, wọ́n tún tẹ́ esùsú míì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi ga, ó ti lé ní 2,000 ọdún báyìí, esùsú yẹn ṣì ń yọrí síta.

Ọ̀gágun ìjọba Han kan, Ban Chao, lo ọdún 31 ní òdìkejì ẹnubodè yẹn, níhà ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tó darúgbó ó kọ̀wé bẹ ọba pé òun ò retí àtidé Jiuquan tó wà nínú Ṣáínà lọ́hùn-ún, kóun ṣáà wọ Yumenguan láàyè ti tó. Wọ́n gbà fún un, ó délé lọ́dún 102, ọdún yẹn náà ló kú.

Ti Miwnay ló wá dùn mí jù. Obìnrin ará Sogdia, ilẹ̀ àwọn oníṣòwò kan ní àárín gbùngbùn Éṣíà, ni, ọkọ ẹ̀ Nanai-dhat fi òun àtọmọ sílẹ̀ ní Dunhuang, ìyà jẹ wọ́n débi tí wọ́n fi di ìránṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà. Ó wá kọ̀wé sí ọkọ ẹ̀ (ẹ̀yin ọkùnrin ẹ gbọ́ o) pé ó sàn kóun fẹ́ ajá tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ju kóun jẹ́ ìyàwó ẹ̀ lọ! Ìwé náà ò dọ́wọ́ ọkọ. Nínú ilé ìṣọ́ kan lórí ògiri ààlà yẹn ni awalẹ̀pìtàn Aurel Stein ti bá a lọ́dún 1907, òun àtàwọn lẹ́tà míì, lẹ́yìn bíi 1,600 ọdún.

Tẹ́ ẹ bá máa kọ apá kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ràkúnmí kù, kẹ́ ẹ fi Miwnay sí i.

Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́