Ẹ̀sùn lórí ọ́ìlì tó tún ń wọ ihò pulọ́ọ̀gì ọkọ̀ mi, àti lórí ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín sọ sí mi

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Àtúnṣe Ọkọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní máa ròyìn ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí mo gbé e wá àti owó tí mo san wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ojú tí mo ń rí lọ́dọ̀ yín, nítorí mo gbà pé kò tíì dé etígbọ̀ọ́ yín.

Ẹ gba owó lọ́wọ́ mi láti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú àwọn rọ́bà róbótó tó yí ihò pulọ́ọ̀gì ká, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì wọ inú ihò náà. Ẹ kọ ọ́ sí rìsíìtì, ẹ sì fi gàráńtì oṣù 3 sí i. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí iná ẹ́ńjìnnì ń ṣẹ́jú, lórí afárá Third Mainland, láàárín àwọn dánfó, tí mi ò rí ibi yà sí.

Láti ìgbà náà lẹ ti ń gbá mi kiri bí bọ́ọ̀lù. Wọ́kíṣọ́ọ̀pù ní kí n lọ bá àwọn ìdí káńtà, káńtà ní kí n pe fóònù, ẹni tó gbé fóònù ní kí n gbé ọkọ̀ padà sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù. Wọ́n ní ọ́ìlì àtijọ́ tó ṣẹ́ kù ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń gbé iná fún pulọ́ọ̀gì, ló bàjẹ́. Mo ra tuntun lọ́wọ́ ẹ̀yin náà.

Ìṣojú mi ni mẹkáníìkì yín ṣe fa kọ́ìlì tuntun yẹn jáde. Rọ́bà ìdí rẹ̀ ti wú, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ọ́ìlì sì ń kán tó, tó, láti ara rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, ọ́ìlì ti bo orí pulọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀. Àwọ̀ ọ́ìlì náà ṣì mọ́. Ọ́ìlì tuntun ni, kì í ṣe àṣẹ́kù kankan. Mo ní kó fi àwọn rọ́bà àtijọ́ tí wọ́n yọ hàn mí, kò rí ẹyọ kan. Gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n fi lẹ ìdérí náà yíká ni mo rí. Gọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ ìdérí kò lè ṣe iṣẹ́ rọ́bà inú ihò tí ooru ti mú le, tó sì ti sán.

Kò tíì fa ọ́ìlì yẹn kúrò tó fi ki sípánà bọ ihò láti tú pulọ́ọ̀gì. Mo ké sí i pé kó dúró, torí bí pulọ́ọ̀gì bá ti jáde, inú ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún ni gbogbo ọ́ìlì yẹn máa dà sí. Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin ìdí káńtà jáde wá, lójú gbogbo oníbàárà tó jókòó, ó ní: “Mọ́mì, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Ẹ ní kí Dádì pè wá, a máa ṣàlàyé fún wọn.”

Èmi ni mo ra ọkọ̀ yìí. Orúkọ mi ló wà nínú ìwé rẹ̀, òun ló wà lórí rìsíìtì yín, owó mi sì lẹ gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Mánẹ́jà yín bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Ó ṣèlérí pé wọ́n á wá gbé ọkọ̀ nílé mi lọ́jọ́ Ajé, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé kọjá, mi ò rí ẹnì kankan. Mo pè, wọ́n ní ó wà ní mítìn-ìn. Mo tún pè, wọ́n já fóònù mọ́ mi létí. Ọkọ̀ wà nílẹ̀ báyìí, torí epo tí kò jóná ń gba inú sàléńsà lọ, tó bá sì ba kátálíìsì tó ń sọ èéfín ọkọ̀ di mímọ́ jẹ́, owó rẹ̀ á ju ti rọ́bà lọ fíìfíì.

Kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà náà níṣojú mi, kí ẹ kó àwọn ti àtijọ́ lé mi lọ́wọ́, kí ẹ fọ àwọn ihò náà kí wọ́n gbẹ, kí ẹ sì fún mi ní kọ́ìlì mìíràn. Kí ẹ yẹ fáàfù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wò pẹ̀lú, torí bó bá dí, ọ́ìlì á tún máa wá ọ̀nà jáde. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ dá owó mi padà. Mo tún ń retí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 fún mi lẹ́tọ̀ọ́ sí àtúnṣe tàbí owó mi.

Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, màá gbé rìsíìtì àti fọ́tò ihò náà lọ fún FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, màá sì pè yín lẹ́jọ́ ní Small Claims Court ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju 5 mílíọ̀nù náírà lọ. Ẹ ka lẹ́tà yìí sí ìkìlọ̀ tó yẹ kó ṣáájú ẹjọ́.

Nọ́ńbà fóònù mi wà lọ́wọ́ yín. Èmi gan-an ni kí ẹ pè.

Èmi, oníbàárà yín.