Ìlà ìsàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ kọ́kọ́ máa ń ta sí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni tó kọ̀wé sí yín pé kí wọ́n jẹ́ kí igbó bo itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun àtijọ́. Ó ní òkú ò mọ̀ bóyá wọ́n ro ibojì òun tàbí wọn ò ro ó, àti pé ẹni tó bá ń gé koríko lórí ẹni tó ti kú láti ọdún 1917 ń fi owó ṣòfò ni. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ tó ń pè ní òfò yẹn, ní itẹ́ ogun kan lágbègbè Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù. Orúnkún mi méjèèjì lè jẹ́rìí sí i.

Ó jọ pé ọ̀gbẹ́ni náà rò pé koríko nìkan niṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí n bá a dé ìdí òkúta kan.

Òkúta orí ibojì kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 81, ó fẹ̀ ní 38. Gbogbo wọn ló dọ́gba. Àjọ tó ni wọ́n, tí à ń pè ní Commonwealth War Graves Commission lónìí, tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Bírítéènì àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1917 nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń jà lọ́wọ́, òun ló sì fi lélẹ̀ pé òkúta kan náà ni ọ̀gágun àti sójà tí kò ní oyè kankan máa gbà. Lókè òkúta ni àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ wà, orúkọ àti ọjọ́ ikú tẹ̀lé e. Nísàlẹ̀ pátápátá, nítòsí ilẹ̀, ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹbí. Ohun tí ẹbí bá fẹ́ kọ síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 66 lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Níbẹ̀rẹ̀, pẹ́nì mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n san lórí lẹ́tà kan, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di ohun tó bá ti ọkàn oníkálukú wá. Mo máa ń ro ti ìyá kan tó jókòó ti tábìlì, tó ń fi ìka ka lẹ́tà, tó ń yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò kí òmíràn lè wọlé.

Ìlà ìyá yìí gan-an ni ẹrẹ̀ kọ́kọ́ máa ń ta sí. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó ṣófo, iyẹ̀pẹ̀ á ta sókè, á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òkúta, kò sì ní pẹ́ tí èèyàn ò fi ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbin òdòdó kúkúrú síwájú òkúta. Àwọn àlejò rò pé torí ẹwà ni. Mi ò bá wọn jiyàn, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òdòdó yẹn ni kó gba ẹrẹ̀ sára kí orúkọ má baà gbà á. Tó bá sì ga jù, òun fúnra rẹ̀ á bo ohun tí wọ́n ní kó ṣọ́. Torí náà, a ó gé e lónìí, a ó tún padà wá gé e.

Ní oṣù kejì tí mo débẹ̀, mo fẹ́ fi han ọ̀gá mi pé ọ̀lẹ kọ́ ni mí. Mo rí òkúta kan tí nǹkan tútù aláwọ̀ ewé ti bo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé. Mo wá búrọ́ọ̀ṣì onírin, mo ha á títí ó fi funfun báláú. Ọ̀gá mi dé, kò pariwo. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi ìka mi ra ara òkúta tí mo ha, ó tún fi ra ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán. Tèmi rí ṣákaṣàka bí iyọ̀. Ó ní mo ti bó awọ rẹ̀, pé ibẹ̀ lomi á máa gbà wọlé, òtútù á sọ omi náà di yìnyín, yìnyín á sì là á. “O ti dín ọjọ́ ayé ẹ̀ kù,” ló sọ. Láti ọjọ́ náà, omi lásán ni, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, àti sùúrù.

Tyne Cot, itẹ́ ogun mìíràn, ò jìnnà sí wa. Ibojì ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,000, èyí tó lé ní 8,300 nínú wọn ni kò sì lórúkọ. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta irú wọn ni pé sójà Ogun Ńlá ni (bí wọ́n ṣe ń pe Ogun Àgbáyé Kìíní nígbà náà), pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. A máa ń fọ àwọn yẹn náà. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ máa ń pẹ́ nídìí wọn ju ti àwọn tó lórúkọ lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Nígbà míì, àwọn tó ń tú ìwé àkọsílẹ̀ á rí ẹni tí ọ̀kan jẹ́, òkúta tuntun á sì dé. Ọjọ́ tí mo bá wọn ri ọ̀kan, n kò jẹun alẹ́.

Wọ́n ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí ò tíì bímọ kí ọta ìbọn tó bá wọn. Òfin ò sì gbà kí ìyá wọn gbé wọn padà sílé láti sin wọ́n. Ta ló wá kù? Ẹni tó ń gba owó oṣù láti máa ro ibẹ̀. Ojú ò tì mí láti sọ pé èmi ni ọmọ wọn.

Ibì kan wà tí mo ti gbà fún ọ̀gbẹ́ni náà: ọjọ́ ayẹyẹ. Àgọ́, fèrè, àwọn ọkọ̀ tó tẹ koríko mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì òdòdó ti rọ, ọ̀rá rẹ̀ ti fọ́n káàkiri, àwa la ó máa ṣà á. Tó bá jẹ́ èyí ló ń pè lófò, ká jọ jókòó sọ ọ́.

Ó tún kọ ọ́ pé ibojì òyìnbó nìkan ni wọ́n ń ro. Kò fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn òkú tó tó 45,000 sí 54,000, tó jẹ́ pé ọmọ Áfíríkà àti Íńdíà ló pọ̀ jù nínú wọn, ni wọn ò ṣe ìrántí wọn bákan náà bíi ti àwọn yòókù. Àwọn mìíràn, ó kéré tán 116,000, tó ṣeé ṣe kó tó 350,000, ni wọn ò dárúkọ wọn, tàbí tí wọn ò tilẹ̀ rántí rárá. Wọ́n tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí lára nǹkan kan, kí ni olùtọ́jú ọgbà fẹ́ fọ̀? Tí ẹ bá wá jẹ́ kí igbó bo àwọn tó lórúkọ, ṣé ìyẹn á mú orúkọ àwọn yẹn jáde?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n ṣí ibi ìrántí kan nínú ọgbà kan tí wọ́n ń pè ní Company's Garden ní Cape Town, fún àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà tó lé ní 1,700, tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n kú nínú ogun yẹn tí ibojì wọn ò sì sí. Wọn ò lo òkúta. Òpó igi kan ni wọ́n rì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ikú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Igi ìrókò ni. Orúkọ tí àwọn òyìnbó yá lọ́wọ́ wa náà ni wọ́n ń pè é.

Inú mi dùn, àyà mi sì tún já, torí òkúta ni mo mọ̀. Ìrókò le, ikán kì í tètè ráyè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n igi tó bá wà níta, oòrùn á bó àwọ̀ rẹ̀, á sì máa sán díẹ̀díẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín bá ń gbé nítòsí ibẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n lọ wò ó lẹ́yìn òjò, kí wọ́n fi ọwọ́ ra lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ jù, kí wọ́n sì kọ̀wé sí yín bó ṣe rí.

Èmi ni,
Olùtọ́jú ọgbà tó ti fẹ̀yìn tì