Ìró mẹ́fà Bàbá Olatunji: lẹ́tà sí àbúrò mi

Bronx, New York

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ, mo kí àwọn ará ilé. Bá mi kí Màámi, kí o sọ fún wọn pé owó oògùn ń bọ̀ kí oṣù tó parí.

O ní ọmọ méjìlá fẹ́ wá kọ́ ìlù lọ́dọ̀ rẹ nígbà ìsinmi, kò sì sí ọmọ Àyàn kankan nínú wọn. O wá bi mí bí Bàbá Babatunde Olatunji, onílù wa tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, ṣe kọ́ àwọn Òyìnbó tí ìlù fi wọ̀ wọ́n lára. Ọmọ Ajido, lápá Badagry, ni wọ́n; ọdún 1927 ni wọ́n bí wọn, ìwé ló sì gbé wọn wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní Atlanta lọ́dún 1950. Àwo Drums of Passion tó jáde ní 1960 ló tan orúkọ wọn kálẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Santana tún orin kan kọ nínú rẹ̀ ní 1969. Ilé àṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Harlem, ní New York níbí, ni John Coltrane, gbajúmọ̀ afunfèrè jazz, ti ṣeré ní oṣù kẹrin 1967, kò sì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi kú. Bàbá fúnra wọn kú ní California ní 2003. Ṣùgbọ́n ohun tó kù lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ìlù níbí ju àwo lọ. Ẹnu wọn ló kù, ìyẹn ìró tí wọ́n fi ń pe ìlù lẹ́nu kí ọwọ́ tó lù ú.

Ìró mẹ́fà péré ni: gun, dun, go, do, pa, ta. Èyí tó bá fi G tàbí P bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni. D àti T, ọwọ́ òsì. Fáwẹ̀lì ló ń sọ ibi tí ọwọ́ yóò bà: "un" ni àárín awọ, "o" ni etí ìlù, "a" ni ìgbájú. Ẹni tó bá ti pè é lẹ́nu ti mọ ọwọ́ tí yóò gbé kó tó fọwọ́ kan ìlù. Ìdí nìyẹn tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò mọ ìlù rí fi lè máa kọ́ ọ pọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo.

Ìlù ọwọ́ ni ó wà fún o, àṣíkò àti àkúbà. Má gbé e sórí gángan.

Fún gun, kí gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bọ́ sí àárín awọ, kó sì fò kúrò kíá bí ẹni fọwọ́ kan irin gbígbóná. Ọwọ́ tó bá dúró lórí awọ ń pa ohùn. Kí ọmọ fi orúnkún méjèèjì di àṣíkò mú, kó da orí rẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè ṣí. Bí ìdí bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, gun kò ní dún, wàá sì máa rò pé ọmọ náà ni kò lágbára. Fún go, ìka mẹ́rin pa pọ̀, kí ibi tí ìka ti so mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bọ́ sí etí. Kí àtàǹpàkò wà lókè, torí igi ló máa ń gbá, á sì wú. Kí wọ́n yọ òrùka.

Pa ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà: agbára ni wọ́n fi ń wá a. Ìka gbọ́dọ̀ dẹ̀, kí wọ́n ya ara wọn díẹ̀, kí orí wọn ta sí awọ bí ẹnu pàṣán. Bí ọwọ́ ọmọ bá ti pọ́n, dá a dúró. Lójú tèmi, má tiẹ̀ mú pa wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lu mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́gbọọgba, kí ẹsẹ̀ máa bọ́ sílẹ̀ lórí gun àti do. Bí ó bá wọ ara wọn, kí ẹsẹ̀ yí sórí gun, go àti pa. Ọwọ́ kò yí padà, ṣùgbọ́n ijó ti yàtọ̀. Ibẹ̀ ni kí o ti pẹ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o fi kún un. Ọmọ Àyàn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ìlù kó tó mọ̀ ọ́n lù, ìró mẹ́fà yìí kò sì ní ọ̀rọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n gun wà nísàlẹ̀, go wà láàárín, pa wà lókè, bí àmì ohùn wa. Ní kí wọ́n lu "ẹ káàbọ̀": go, ta, gun, dun. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ó bọ́ síra gẹ́lẹ́! Kí o wá gbé gángan rẹ, kí o fi kọ̀ǹgọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kí wọ́n gbọ́ bí ọsán tí o dẹ̀ ṣe ń fa "káà" wálẹ̀ níbi tí àṣíkò ti kàn ń fò.

Nítorí òjò, awọ á máa dẹ̀. Yá a sí oòrùn, má ṣe sún un mọ́ iná. Kọ̀wé sí mi bí ẹ bá ti dé orí pa.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ